Ọdẹ Orí Kì Í Ṣàdédé Dé

Lójú ọ̀nà tó gba Ìkìrun lọ sí Ìníṣà, tó sì forí lé Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kẹ́mísì ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ẹni tó jókòó sídìí káńtà níbẹ̀, ì báà kàwé oògùn, ì báà má kà á, "dókítà" ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan tó ń nu òógùn ojú wọlé.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí o?"

"Orí yìí náà ni. Kò fọ́ mi o, ó kàn wúwo ṣáá ni. Mo lè ka owó tán báyìí kí n má mọ iye tí mo kà."

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"Oorun wo? Ẹ sáà bá mi po ti ijọ́sí."

Dókítà ò tún bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó ṣí ike kan, ó ṣí èkejì, ó ń ka oògùn sínú ọ̀rá kéékèèké: funfun méjì, pupa kan, àti kékeré kan báyìí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. "Ẹ lò ó lálẹ́ tí ẹ bá jẹun tán, mà."

Kékeré oníyẹ́lò yẹn ni kí á fojú sí. Piriton ni. Oògùn ara yíyún àti ikọ́ tó ń bá imú ṣíṣàn rìn ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń kun èèyàn lóorun ló ṣe ń wọ inú àpòpọ̀ káàkiri. Inú ọpọlọ gan-an ló ń wọ̀ lọ, tó ń dènà ohun tó ń jẹ́ kí ojú èèyàn dá, agbára rẹ̀ kì í sì í tán nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìyá tó gbé orí wúwo wá yóò sùn lóòótọ́. Yóò jí pẹ̀lú orí tó tún wúwo ju ti àná lọ, yóò sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá ra ohun tó ń mú orí rẹ̀ wúwo. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi síra wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orí ni wọ́n ń tọ́jú, wọn ò sì bèèrè ohun tó ṣe orí.

Lẹ́yìn ìyá yẹn, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù ni yóò wọlé: ojú ń rí ìwé, ìwé ò wọlé. Ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Èkó-Ẹndẹ, tó máa ń wọ yàrá tán tí yóò wá dúró sí àárín ilé, tí kò ní rántí ohun tó wá mú. Brain fog ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo rẹ̀. Orúkọ náà tún wá gbòde kan láti ìgbà tí COVID-19 ti jà, tí àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ráhùn fún ọ̀pọ̀ oṣù pé ikọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ àwọn ò tíì padà sí bó ṣe wà. Kì í ṣe orúkọ àrùn kan pàtó. Àmì ni, ohun tó sì ń fà á pọ̀ ju ohun tí káńtà kẹ́mísì lè gbà lọ. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, kó bi àwọn ará Abẹ́òkúta.

Lọ́dún 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò dá ètò ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Àró, l'Abẹ́òkúta, tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà: àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ti wá ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá òun pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Orí ń ta wọ́n, ó ń jó wọn, ọrùn ń dùn wọ́n. Ojú ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ohun tí wọ́n kà ò yé wọn, ohun tó yé wọn ò sì dúró. Ó tilẹ̀ kọ nípa ìṣesí wọn: bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ ra àtàrí, tí wọ́n ń nu ojú. Ẹni tó bá ti bá ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC gbélé yóò mọ ohun tí ọkùnrin náà rí. Lọ́dún 1960 ló tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń lò: brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀ wọ́n.

Àlàyé tó ṣe sí i ni kò lè lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ó ní ìwé kíkà ọ̀nà ti òyìnbó, tó ń béèrè kí olúkúlùkù dá jókòó kó sì dá làágùn, kò bá ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọmọ Nàìjíríà mu. Ọmọ kéwú tó há Kùránì sórí látòkè délẹ̀ ní Ìkìrun ńkọ́? Ọmọ awo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀kọ́ tó gba orí kò ṣàjèjì sí wa. Èyí tó tún wá pa àlàyé náà láyò ni ohun tí Oyèdèjì Ayọ̀ńrìndé, oníṣègùn ọpọlọ, fi ìwádìí gbé jáde: inú ìwé ìròyìn àti ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni brain fag ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àti àwọn oníṣẹ́ ìwé tí iṣẹ́ ti pa lórí. Ọjà òyìnbó ni, wọ́n kàn wá fi orúkọ wa sí i lára. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ń ṣe ìwé àkójọ àìsàn wọn ti ọdún 1994, wọ́n kọ ọ́ sí abala àwọn àìsàn tó so mọ́ àṣà àwọn èèyàn kan. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀ Prince rí nǹkan kan tó tọ̀nà. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló jẹ́ pé gbogbo ẹbí ló dáwó rán wọn níléèwé, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá jáde ni gbogbo ẹbí yóò wá gba owó wọn padà. Ẹni tí àbúrò mẹ́fà ń wo ojú rẹ̀ kì í fi ọkàn kan ka ìwé.

Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀, oníṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, ló wá tú kókó náà jù lójú tèmi. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1980, ó fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ní ìṣòro yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó fẹ́ yege lójú méjèèjì ni wọ́n, tí ẹ̀rù ìjákulẹ̀ ń bà, tí wọ́n ń lo oògùn tó ń lé oorun kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Oorun lọ, àyà ń já, ara le gbagidi, ọpọlọ sì dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀. Bí ọpọlọ bá ti kọṣẹ́, ẹ̀rù tún pọ̀ sí i, ni wọ́n bá tún lé oorun jìnnà sí i. Kọfí, obì, orógbó, tramadol tí àwọn kan ń gbé mì: irinṣẹ́ ti pààrọ̀, iṣẹ́ náà ò pààrọ̀. Òfin lè de oògùn, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè mú akẹ́kọ̀ọ́ sùn.

Kí ló wà nínú oorun náà gan-an? Ohun tí a bá kọ́ lọ́sàn-án, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sí àyè rẹ̀, kó tó lè dúró. Ẹni tó kàwé mọ́jú tí kò sùn, ó gbin irúgbìn, kò bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n sùn fún wákàtí mẹ́jọ tí wọn ò sì sinmi. Bàbá tó ń hanrun títí tí ilé ń mì, tí èémí rẹ̀ máa ń dá wáí láàárín kan kó tó tún fa á pẹ̀lú agbára, ọpọlọ rẹ̀ ń pàdánù atẹ́gùn ní gbogbo òru. Òun náà ló ń tòògbé nínú ìpàdé ẹbí lọ́sàn-án, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ìyàwó rẹ̀ sọ fún dókítà. Bàbá fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Àárín àwọn aráalé wa, orúkọ mìíràn ni ẹjọ́ orí ń jẹ́. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pè é: nǹkan ń rìn lórí, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kiri, ó ń kùn létí, nígbà mìíràn yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà kí àyà máa lù kìkì. Àwọn kan gbà pé kòkòrò ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀tá ló rán an. Roger Mákànjúọlá, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tó yá, kọ̀wé lórí ọdẹ orí lọ́dún 1987. Ohun tó rí ni pé bí a bá jókòó ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọdẹ orí ń bá jà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn tó ti pẹ́ la ó bá lábẹ́ rẹ̀. Orí ló ń sọ ọ́, nítorí pé ẹnu ò lè sọ ọ́. Ta ni yóò lọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì kó ní inú òun bà jẹ́ láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti kú? Ṣùgbọ́n orí, gbogbo èèyàn ló lórí. Orí ṣeé mẹ́nu bà.

Mi ò sọ pé irọ́ ni ohun tó ń rìn kiri lórí yẹn o. Ẹni tó ń ṣe ń jẹ ìyà rẹ̀ ní tòótọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó gbé e lọ sílé wòlíì láti lọ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ara tí oúnjẹ ò sí tẹ́lẹ̀, ó ń bu epo síná.

Bí a bá sì kúrò lórí ọkàn, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀jẹ̀, nítorí pé níbí yìí ni mo rò pé àwọn obìnrin wa ti ń jìyà jù lọ láìmọ̀. Ọpọlọ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tí gbogbo ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn náà lọ bá a. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya lọ́pọ̀, tó bí ọmọ mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀, tí ibà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí aràn sì ń mu nínú èyí tó ṣẹ́ kù, kí ni yóò kù tí ọpọlọ yóò fi ronú? Á máa rẹ̀ ẹ́, òòyì á máa kọ́ ọ, èémí á máa tán an lórí àtẹ̀gùn, á sì máa gbàgbé. Wọn á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PCV, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ọwọ́ ṣe, kì í pẹ́, kì í sì í wọ́n. Dókítà kì í fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 36 fún obìnrin, tàbí 33 fún aláboyún.

Ohun tí wọn yóò sì sọ fún un ládùúgbò ni kó lọ po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì, kí ẹ̀jẹ̀ lè kún. Ìgbàgbọ́ yìí ti pẹ́ débi pé ẹ̀rù ń bani láti bá a jà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé mílíìkì ń dènà kí ara gba irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tíì tí a bá mu pẹ̀lú oúnjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí a fi ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ tì í lẹ́yìn kí irin náà lè wọlé: èyí ló sún mọ́ òtítọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti kéré jù, oúnjẹ nìkan ò lè gbé e dìde. Oògùn irin ni, fún oṣù mélòó kan, àti wíwá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ.

Èéfín náà ń gba atẹ́gùn mọ́ ọpọlọ lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn fèrèsé nítorí olè, iná èédú tí wọ́n gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́: gáàsì kan wà nínú èéfín wọn tí kò ní òórùn, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po tó ju igba. Bí ó bá pọ̀, ó ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Bí ó bá kéré, orí fífọ́, èébì àti ọpọlọ tó dàrú ni wọn yóò fi jí, wọn yóò sì ní ibà ni. Ibà tó bá ń ṣe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń lọ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, ẹ wo jẹnẹrétọ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà náà ń fa orí wúwo, bí ṣúgà bá ga jù tàbí tó bá já wálẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kókó ọrùn tí wọ́n ń pè ní tíróìdì, bí ó bá ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́, gbogbo ara ni yóò falẹ̀: òtútù yóò máa mú èèyàn nígbà tí oòrùn ń ràn, ara yóò máa wú, ìgbẹ́ yóò le, èrò yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró lè gbàgbé orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀, kó sì rò pé wèrè ló fẹ́ dé. Kì í ṣe wèrè. Ojú tó nílò awò náà ń fi orí wúwo hàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé awò nìkan ni oògùn wọn. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n ń mu ní gáréèjì láàárọ̀ ńkọ́? Ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ ń mu ọtí lójoojúmọ́, ohun yòówù kí wọ́n pè é.

Ní ti àwọn àgbà, a ti gbà á bí ẹni gba àdúrà pé arúgbó gbọ́dọ̀ máa gbàgbé. Àwọn ará Ìdíkàn n'Ìbàdàn ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1992 ni Benjamin Oṣùntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 65 níbẹ̀, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ìròyìn wọn ti ọdún 2001 fi hàn pé àwọn tí àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 2.52. Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọjọ́ ogbó. Tíṣà wa tó fẹ̀yìn tì ní Èkó-Ẹndẹ, kí wọ́n tó ní ọjọ́ orí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ṣúgà rẹ̀, etí rẹ̀, àti àpò oògùn rẹ̀. Arúgbó ni Piriton àti oògùn oorun ń da láàmú jù.

Ibo ni kí èèyàn wá lọ? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ṣàìní ohun tó lè fi yangàn níbí yìí. Oyè Gùréjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti dán ètò kan wò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Òṣìṣẹ́ ìlera 198, láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 68, ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àwọn àìsàn ọpọlọ mìíràn, tí a sì ń tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ náà sì ṣeé ṣe. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 náà fẹ́ kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà nítòsí aráàlú. Ohun tó kù ni pé kí ìjọba má fi òṣìṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìní oògùn lórí àtẹ.

Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, kó kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, ti kẹ́mísì, ti àgbo, ti ilé ìjọsìn, kó gbé e kalẹ̀. Kó sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa ń le jù lọ́jọ́, iye wákàtí tó ń sùn, bí nǹkan oṣù ṣe ń wá, ohun tó ń mu, àti ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó kú. Kó má sì gbà kí wọ́n kọ oògùn ibà fún un láì ṣe àyẹ̀wò ibà.

Gbogbo èyí wà fún orí tó ń wúwo díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Èyí tó bá dé lójijì yàtọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ lẹ́nu láàárín ìṣẹ́jú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò ṣeé gbé mọ́. Ẹni tí orí ń fọ́ bí kò ṣe fọ́ rí láyé rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tó ń sọ ìsọkúsọ. Aláboyún tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tó ní kò sí nǹkan, tó wá ń sùn ṣáá lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dúró ní kẹ́mísì, ẹ má sì dúró di ìdájí. Ẹ wá ọkọ̀, ilé ìwòsàn ní Òṣogbo ni, lálẹ́ ọjọ́ náà.